Omi Sílóámù àti Ìntalọ́ọ̀kì Olóyè

Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́
14 Oṣù Karùn-ún, 2024

Ìyìnolúwa ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo sì kí ọ kú ìdákẹ́jẹ́, nítorí ó jọ pé òun lo ń ṣe jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Láti ọdún Àjíǹde ni mo ti ń retí lẹ́tà. Àwòrán àtàǹpàkò tó nàró lo fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ìyá wo ló tọ́ ọmọ dàgbà tán tí yóò wá máa gba àtàǹpàkò? Mo ti sọ fún ọ pé nínú ẹbí tiwa, ọ̀rọ̀ tó bá ṣe pàtàkì, inú ìwé la ń kọ ọ́ sí. Èmi ń kọ ọ́, Tísà Leah ń ya fọ́tò rẹ̀, fóònù ń gbé e wá bá ọ. Leah ni tísà kíláàsì kẹta wa, òun ló ń fi mọ́tò rẹ̀ gbé mi láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó láràárọ̀. Ó ní kí n kí ọ. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o, èmi ni mo sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọmọ dáadáa ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Sílóámù tí mo jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ yóò pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní oṣù Kẹwàá. O mọ ohun tó wà níbẹ̀: ilé alámọ̀ tí àwọn míṣọ́nnárì kọ́, agogo tó ti sán, àti pápá kan ṣoṣo. Bí òjò bá rọ̀, omi a dúró ní àárín pápá náà fún odidi ọ̀sẹ̀. Àwọn ọmọ ń pè é ní Adágún Sílóámù, bíi ti inú Bíbélì, àfi pé ti inú Bíbélì la ojú afọ́jú, tiwa ń ba ṣòkòtò jẹ́.

Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ fẹ́ tún pápá náà ṣe fún ayẹyẹ. Olóyè Májẹ́kódùnmí ni alága wọn. Níbi ìdúpẹ́ ọdún tó kọjá, mọ́tò Olóyè rì sínú Sílóámù. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ló tì í jáde, wọ́n sì ń kọrin bí wọ́n ṣe ń tì í. Láti ọjọ́ náà ni Olóyè ti pinnu pé ìntalọ́ọ̀kì la ó fi bo gbogbo pápá, láti ògiri dé ògiri, kí mọ́tò àwọn àlejò lè ríbi dúró. Mo ní, níbo ni àwọn ọmọ yóò ti máa ṣeré? Ó ní wọ́n lè máa ṣeré láàárín àwọn mọ́tò.

Ìyìn, oṣù Kejìlá ni mo máa fẹ̀yìn tì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa sọ pé ìgbà tèmi ni pápá di gáréèjì. Mo ti sọ fún ìgbìmọ̀ pé ọmọ mi kọ́ iṣẹ́ yíya àwòrán ilé ní Pólì, pé ó sì ti wà ní Scotland báyìí, yóò ya pápá ìṣeré tó dára fún wa. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Nítorí náà, tètè yà á.

Ṣé o ń jẹun?

Èmi tí mò ń retí ìwé, kì í ṣe ìka,
Ìyá rẹ


Dundee, Scotland
26 Oṣù Karùn-ún, 2024

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì kí n tó bẹ̀rẹ̀ ìwé yìí. Ẹni tí a jọ ń gbélé bá mi níbẹ̀, ó ní kí ló sọnù. Mo ní ìyá mi ni mò ń kí. Ó wo abẹ́ àga.

Ẹ má bínú nítorí àtàǹpàkò. Ẹ tún bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ Tísà Leah fún fọ́tò lẹ́tà yín. Mo ṣàkíyèsí pé àtàǹpàkò tirẹ̀ wà ní igun rẹ̀, ẹ ò sì bá a wí.

Mà, nígbà tí ẹ sọ fún ìgbìmọ̀ pé mo wà ní Scotland, ṣé ẹ sọ ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀? Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Àwòrán tí mo yà kẹ́yìn ni ti ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀, tí mo lẹ̀ mọ́ ògiri fún bàbá kan tó máa ń ṣìnà. Ó ní ó dára. Ó ṣì ń ṣìnà, ṣùgbọ́n ó ní ó dára.

Màá ya ti pápá náà. Ṣùgbọ́n ohun kan tí wọ́n kọ́ wa ní Pólì tó wọ̀ mí létí ni pé ẹni tó máa lo nǹkan la máa ń kọ́kọ́ bi. Ẹ bi àwọn ọmọ. Ní àdúgbò mi níbí, ìjọba ìbílẹ̀ fẹ́ tún pápá ìṣeré kékeré kan ṣe. Wọ́n pe àwọn ọmọdé jọ, wọ́n ní kí ni wọ́n fẹ́. Àwọn ọmọ ní ọ̀nì làwọn fẹ́. Ìjọba lọ rò ó fún oṣù mélòó kan, wọ́n sì gbé bẹ́ǹṣì kan wá fún wọn. Ṣùgbọ́n wọ́n kun bẹ́ǹṣì náà ní àwọ̀ ọ̀nì. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọ́n béèrè.

Mò ń jẹun. Ohun tí mò ń jẹ ni mi ò ní kọ sínú ìwé.

Ọmọ yín tó ṣì wà lórí kápẹ́ẹ̀tì,
Ìyìnolúwa


Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́
10 Oṣù Kẹfà, 2024

Ìyìnolúwa,

Mo kí ọ. Ìkíni náà kò gùn lónìí, ìwọ náà yóò mọ ìdí rẹ̀.

O ní kí n bi wọ́n, mo bi wọ́n. Ní àsẹ́ńbílì àárọ̀ yìí ni. Olóyè Májẹ́kódùnmí wá fúnra rẹ̀, ó jókòó sí iwájú, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín orúnkún. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ fẹ́ kí a tún pápá yín ṣe?"

"Yẹ́ẹ̀sì mà!"

"Ṣé ẹ fẹ́ jangilọ́fà?"

"Yẹ́ẹ̀sì mà!"

Inú mi dùn. Mo wo ojú Olóyè. Olóyè dìde, ó kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ṣé ìntalọ́ọ̀kì lẹ fẹ́, láti ògiri dé ògiri?"

"Yẹ́ẹ̀sì sà!"

"Ṣé kí mọ́tò máa dúró níbẹ̀?"

"Yẹ́ẹ̀sì sà!"

Tirẹ̀ tún dún ju tèmi lọ, nítorí wọ́n rí ọ̀pá. Olóyè jókòó, ó nu ojú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń rí ìdìbò, òun kò rí èyí tó mọ́ tó báyìí rí. Ó ti sọ fún kọngílá kó wá wọn ilẹ̀. Sátidé kejì nínú oṣù Keje ni ìgbìmọ̀ yóò fọwọ́ sí i.

Kí ni mo ṣe fún ọ, Ìyìn? Pápá tí mo ní kí o bá mi gbà là, ìwọ lo tún kọ́ mi bí mo ṣe máa gbé e fún wọn.

Ìyá rẹ tí ọmọ rẹ̀ kàwé

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n, Leah nìyí. Ẹ má gba gbogbo ohun tí Màmá bá sọ nípa mi gbọ́. Ti yẹ́ẹ̀sì sà yẹn, òótọ́ ni. Kíláàsì tèmi ló pariwo jù.


Dundee, Scotland
13 Oṣù Kẹfà, 2024

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀, n kò tíì dìde, ẹ̀bẹ̀ ló kù.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló kọ́ wọn ní yẹ́ẹ̀sì mà? Èmi náà jókòó sí irú bẹ́ǹṣì yẹn rí. Tísà wa a ṣàlàyé ìdá kan nínú mẹ́ta, a ní, "Ṣó yé yín?" Gbogbo wa a ní, "Yẹ́ẹ̀sì sà!" Títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, kò tíì yé mi. Ìdáhùn kọ́ nìyẹn, Mà. Ọ̀nà tí a fi ń jẹ́ kí tísà lọ jókòó ni.

Bí Olóyè bá ní ìdìbò ni, ẹ bi àwọn ọmọ lọ́la bóyá wọ́n fẹ́ kí ẹ na gbogbo wọn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ fún wọn ní bébà àti pẹ́ńsù aláwọ̀, kí kálukú ya ohun tó fẹ́ nínú pápá. Bébà kì í dáhùn pọ̀.

Ẹ sọ fún Tísà Leah pé mo gbọ́. Mi ò sọ pé mo gbà.

Ìyìnolúwa yín, tí ìdá kan nínú mẹ́ta kò tíì yé


Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́
28 Oṣù Kẹfà, 2024

Ìyìn ọmọ mi,

Ẹ kú ojúmọ́ níbẹ̀, bí ojúmọ́ bá ń mọ́ yín. Òjò ti gba gbogbo ibí. Lójú ọ̀nà Oǹdó láàárọ̀ yìí, Leah ń wa mọ́tò, èmi ń gbàdúrà.

Mo dán ọ̀rọ̀ rẹ wò. Mo ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé kí n na gbogbo yín?"

"Yẹ́ẹ̀sì mà!"

Mo dúró. Mo tún un sọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n tún ní yẹ́ẹ̀sì mà. Ọmọ kékeré kan níwájú ti na ọwọ́ sílẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀. Mo wọ ọ́fíìsì lọ, mo jókòó. Láti ọdún tí mo ti ń bi àwọn ọmọ ní ìbéèrè, Ìyìn! Mo wá ń bi ara mi pé èwo ni wọ́n dá mi lóhùn rí.

A fún wọn ní bébà. Gbogbo wọn pátá ló ya ilé kan, fèrèsé méjì, igi àgbọn, àti oòrùn ní igun. Mo ní kò sí àgbọn nínú pápá wa. Wọ́n ní bí wọ́n ṣe máa ń yàwòrán nìyẹn. Leah, tó ń kọ́ gbogbo kíláàsì ní yíya àwòrán, ní òun ló yà á sójú pátákó fún wọn ní tọ́ọ̀mù tó kọjá, ó sì fún gbogbo wọn ní àmì tó dára.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò ya ilé: Ọ̀rẹ́olúwa, ọmọbìnrin kan ní kíláàsì kẹta. Òun fi àwọ̀ búlúù kun gbogbo bébà rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Mo pè é.

"Kí lèyí?"

"Omi ni, mà."

"Omi wo?"

"Sílóámù, mà."

"Ṣé ohun tí o fẹ́ kí a ṣe fún yín nìyí?"

Ó wò mí. Ó ní, "Ó ti wà níbẹ̀, mà."

Mo ní kó lọ jókòó. Ọmọ tí a ní kó béèrè ohun tuntun, ẹrẹ̀ ló lọ béèrè! Ìpàdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀, kọngílá ti já òkúta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Bí ìgbìmọ̀ bá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ náà, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e ni wọn yóò bẹ̀rẹ̀. Ìyìn, ya nǹkan wá. Ya ohunkóhun. Má ya àgbọn.

Ìyá rẹ tí òjò ń pa

Àfikún: Ẹ̀gbọ́n, àgbọn náà dára gan-an. Leah.


Dundee, Scotland
8 Oṣù Keje, 2024

Màmá mi àtàtà,

Mo mọ̀ pé mo pẹ́. Ẹnì kan ṣàìsàn níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n dúró nípò rẹ̀, nígbà tí mo bá sì délé, ojú mi kì í la ju kí n rí bẹ́ẹ̀dì lọ. Mo ka mẹ́ta nínú ìpè yín tí mi ò gbé. Ìyókù, ẹ̀rù ni kò jẹ́ kí n kà wọ́n.

Mà, ọmọ búlúù yẹn ni ẹnì kan ṣoṣo tó dáhùn ìbéèrè yín. Ẹ má bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan mọ́. Bí òjò bá rọ̀, tó dá, ẹ jókòó sójú fèrèsé ọ́fíìsì yín ní àkókò búrẹ́ẹ̀kì. Ẹ má mú agogo dání, ẹ má mú ẹgba. Ẹ kàn máa wò wọ́n.

Àwòrán náà rèé. Àwọn mọ́tò yóò dúró níta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ṣọ́ọ̀ṣì. Koríko yóò wà níbi tó ga. Sílóámù yóò dúró síbi tó wà, ṣùgbọ́n a ó la gọ́tà kan tí omi yóò gbà wọlé, a ó la òmíràn tí yóò gbà jáde kó má baà bí ẹ̀fọn, kò sì ní jìn ju agbedeméjì ojúgun lọ. Òkúta tí kọngílá ti já sílẹ̀, a ó to àwọn tó tóbi nínú rẹ̀ sínú omi kí wọ́n lè máa fò láti orí ọ̀kan bọ́ sórí èkejì. Mo fi jangilọ́fà méjì sábẹ́ igi máńgòrò, nítorí pé ó lè jẹ́ pé ọ̀kan nínú gbogbo yẹ́ẹ̀sì wọ̀nyẹn jẹ́ òótọ́.

Ohun kan ṣoṣo tí mi ò mọ bí a ṣe ń yà ni Olóyè Májẹ́kódùnmí.

Ọmọ yín tó pẹ́, tó sì dé,
Ìyìnolúwa


Dundee, Scotland
19 Oṣù Keje, 2024

Màmá mi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ìpàdé ti kọjá, ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e náà ti kọjá. Ẹ ò kọ̀wé, ẹ ò gbé fóònù. Mo fi àtàǹpàkò ránṣẹ́, ẹ ò tiẹ̀ bínú sí i. Ìyẹn gan-an ló já mi láyà.

Ṣé wọ́n ti to ìntalọ́ọ̀kì náà? Bí wọ́n bá ti tò ó, ẹ sọ fún mi bẹ́ẹ̀. Mo ti lá àlá pé ẹ dúró lórí ìntalọ́ọ̀kì, ẹ ń fi ọwọ́ dárí mọ́tò.

Ìyìnolúwa


Oǹdó
20 Oṣù Keje, 2024

Ẹ̀gbọ́n Ìyìn,

Ẹ kú àníyàn o. Leah ni. Màmá wà ní àlàáfíà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fúnra àwọn kọ ọ́, àwọn sì ń wá bébà tó dára. Wọ́n fi mí búra pé mi ò gbọ́dọ̀ sọ bó ṣe rí.

Mo búra pé mi ò ní sọ ọ́. Mi ò búra pé mi ò ní rẹ́rìn-ín. Ẹ wo bí ìwé yìí ṣe gbọ̀n nínú fọ́tò.

Leah


Ọ̀nà Ọ̀dà, Àkúrẹ́
22 Oṣù Keje, 2024

Ìyìnolúwa, ọmọ tí mo bí tí kò dójú tì mí,

Mo kí ọ tọkàntọkàn. Jókòó kí o tó ka èyí.

Òjò rọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìpàdé. Mo ṣe bí o ṣe wí. Mo jókòó sójú fèrèsé, ọwọ́ mi òfìfo. Ṣé o mọ̀ pé ìlú ni ibẹ̀? Ìdérí bírò ni ọkọ̀ ojú omi wọn, wọ́n ń sáré ìje. Bí ìjà bá dé, ọ̀dọ̀ Ọ̀rẹ́olúwa ni wọ́n ń gbé e lọ, òun sì ń dá ẹjọ́ bí ọba. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì Leah, ohùn rẹ̀ ló ga jù lọ níbẹ̀. Kíláàsì kẹfà ló gba apá ibi tó jìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sì sí ẹni tó fi í fún wọn. Mo ti jẹ́ ọ̀gá iléèwé yìí láti ìgbà tí o wà ní Pólì, mi ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni iléèwé gan-an wà. Agogo tí mò ń lù ni mo fi ń tú u ká.

Ó di Sátidé. Òrùlé gbọ̀ngàn ń jò, nítorí náà kíláàsì kẹta ni ìgbìmọ̀ jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ. O yẹ kí o rí wọn. Orúnkún Olóyè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀. Mo lẹ àwòrán rẹ mọ́ pátákó, mo sọ ohun tí mo rí. Olóyè ní, "Ọ̀gá, a ti bi àwọn ọmọ, wọ́n ti ní ìntalọ́ọ̀kì. Ọmọdé kì í fọhùn lẹ́ẹ̀mejì." Àwọn ìyókù ń mi orí. Akọ̀wé ti mú bírò, ó kù kí wọ́n nawọ́.

Mi ò mọ ohun tó ṣe mí. Agogo wà lórí tábìlì Leah. Mo gbé e, mo lù ú.

Ìyìn, gbogbo wọn dìde! Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Àtijọ́ lódindi, àwọn bàbá àti ìyá onífìlà onígèlè, wọ́n nàró wọ́n ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ohùn kan ló jáde lẹ́nu wọn: "Gúúù-dù mọ́-nííìn mà!"

Mo ní, "Ṣé ti àwọn ọmọ ni pápá yìí?"

"Yẹ́ẹ̀sì mà!"

"Ṣé àwòrán tó wà lójú pátákó yìí la ó tẹ̀lé?"

"Yẹ́ẹ̀sì mà!"

"Ẹ jókòó."

"Ẹ ṣé mà!" Wọ́n jókòó. Akọ̀wé ti kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó rántí pé òun ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

Leah sá jáde, mò ń gbọ́ bó ṣe ń wú ikọ́ irọ́ níta. Olóyè ló kọ́kọ́ rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ìyẹn kì í ṣe ìdìbò."

Mo ní, "Olóyè, irú rẹ̀ gan-an lẹ gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ ní oṣù Kẹfà, ẹ ní ẹ ò rí èyí tó mọ́ tó o rí."

Mo rò pé ó máa bínú. Ó tẹjú mọ́ àwòrán náà. Ó wá ní, "Kíláàsì kẹfà ṣì ló ni apá ibi tó jìn?"

Mo ní àwọn ni.

Ó ní, "Títí di òní?" Ó lu orúnkún. "Mo ní ọkọ̀ kan nígbà náà, páànù sàdíìnì ni. Wọn ò jẹ́ kí n gbé e débẹ̀ rí. Kí n tó dé kíláàsì kẹfà, bàbá mi ti mú mi lọ sí Ọ̀wọ̀." Ó tún kan ọ̀pá mọ́lẹ̀. "Ó dáa. Mo fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí akọ̀wé kọ ọ́ pé kò sí kíláàsì kankan tó gbọ́dọ̀ ni apá ibi tó jìn mọ́!"

Wọ́n nawọ́, ìdìbò gidi lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wọn ló fara mọ́ ọn. Kọngílá ti ń la gọ́tà báyìí. Lójoojúmọ́ ni Olóyè ń wá wo ibi tó jìn, ó ní òun ń yẹ iṣẹ́ wò.

Ó wá ku ìwọ. Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹwàá ni ayẹyẹ ìṣísílẹ̀ pápá náà. Ọdún mélòó lo fẹ́ máa fi ìka kí mi? Mò ń bi ọ́ ní gbangba nínú ìwé: ṣé wàá wá? Má sì wí fún mi pé yẹ́ẹ̀sì mà. Mo ti mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Èmi tí mo lu agogo,
Ìyá rẹ


Dundee, Scotland
4 Oṣù Kẹjọ, 2024

Màmá mi, alágogo,

Lọ́tẹ̀ yìí mo dọ̀bálẹ̀, mi ò lè dìde nítorí ẹ̀rín. Ẹni tí a jọ ń gbélé kò tiẹ̀ béèrè mọ́.

Ẹ ní kí n má wí yẹ́ẹ̀sì mà, mi ò wí i. Mo fi fọ́tò tíkẹ́ẹ̀tì ránṣẹ́ mọ́ ìwé yìí. Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹwàá ni ọkọ̀ òfúrufú mi yóò balẹ̀. Àtàǹpàkò tó wà ní igun fọ́tò náà, tèmi ni, ẹ má bínú. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ti fún mi ní ìsinmi. Bàbá tó máa ń ṣìnà ní kí ni mò ń lọ ṣe. Mo ní mò ń lọ wo omi. Ó ní ṣé omi kò sí ní Dundee ni? Mo ní ó wà, ṣùgbọ́n tiwa ní ìgbìmọ̀.

Ẹ bá mi kí Tísà Leah. Èmi fúnra mi ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ omi náà kí n tó dé. Bàtà òjò mi ti wà nínú báàgì. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ pé mò ń bọ̀ wá bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo, pé yẹ́ẹ̀sì sà kò sì ní lè dáhùn rẹ̀: bí èmi àti Olóyè bá jọ dé etí omi lẹ́ẹ̀kan náà, ta ló máa kọ́kọ́ dé ibi tó jìn?

Ọmọ yín, ọ̀gá ọkọ̀ páànù sàdíìnì,
Ìyìnolúwa